Orin Nílé Ìkàwé: Ẹ Dán An Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ lórí orin orí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ tó láti gba gbogbo ojú ewé yìí. Àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ló kọ púpọ̀ nínú wọn, òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ ìyókù. A gé àwọn kan kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta orin fún ilé ìkàwé fún kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní ọjọ́ 14 ká fi tọ́ iṣẹ́ wọn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá wa ní kí n kọ àbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ká sanwó ọdún kan tàbí ká fi í sílẹ̀. Kí ni kí n máa wò? (Olùtọ́jú ilé ìkàwé, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ni kí ẹ mú ọjọ́ tí ìdánwò náà máa bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín mú un. Bó bá bọ́ sí àárín ìsinmi tàbí ọ̀sẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ìdánwò àṣekágbá, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án, àbọ̀ tí ẹ máa kọ á sì dà bí ẹni pé orin ò wúlò fún yín. Ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin nínú sáà ló dáa jù, nígbà tí àwọn olùkọ́ ti pín iṣẹ́.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ ọgbọ̀n orin sínú rẹ̀. Ẹ má dá wọn yàn o. Ẹ gba mẹ́wàá lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ẹ̀ka orin, látinú ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ lóòótọ́ ní sáà yìí. Ẹ gba mẹ́wàá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kí mẹ́wàá tó kù jẹ́ àwọn tó ṣòro rí: àpàlà Haruna Ishola, sákárà Yusuf Olatunji, jùjú I. K. Dairo, ìlù bàtá, orin ìjọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ látijọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ bóyá ó wà. Bóyá odidi rẹ̀ ni àbí wọ́n kàn bù díẹ̀ síbẹ̀. Bóyá orúkọ olórin àti ọdún tí wọ́n kọ sí i tọ́. Ìgbà mélòó lẹ tẹ nǹkan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àti bóyá ó ṣiṣẹ́ lórí fóònù bó ṣe ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ tó bá ní mílíọ̀nù orin tí kò rí ju mẹ́sàn-án lọ nínú ọgbọ̀n yín, mílíọ̀nù ẹlòmíì ló ní.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ nìkan máa lò ó, kí ẹ lè mọ ibi tó ti ń ta kókó. Láti ọjọ́ kẹrin sí ìkejìlá, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ fi ọjọ́ méjì tó kù ṣírò.

Nǹkan mẹ́ta wà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ wọn ní àkọsílẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu lásán. Ọ̀kan ni àkójọ orin tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti gbé jáde ní Nàìjíríà. Orílẹ̀-èdè lórílẹ̀-èdè ni wọ́n ń ta ẹ̀tọ́ orin. Àwo tó ń dún ní London lè má dún n'Íbàdàn, bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ á ṣì wà lójú ewé. Èkejì ni ìròyìn ìlò, ìyẹn àkọsílẹ̀ iye ìgbà tí àwọn ènìyàn yín lo iṣẹ́ náà. Ẹ béèrè bóyá ó tẹ̀ lé ìlànà COUNTER tí àwọn ilé ìkàwé káàkiri ayé ń lò, nítorí ìlànà yẹn máa ń fi iye ìgbà tí àyè ò sí hàn, kì í ṣe iye orin tí wọ́n gbọ́ nìkan.

Ẹ̀kẹta, tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, ni iye ènìyàn tó lè gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan náà. Naxos Music Library, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 tí ọ̀pọ̀ yunifásítì sì mọ̀ fún orin kíláásíkà, irú ọ̀nà yìí ló ń gbà tà. Ìjókòó lẹ ń rà, kì í ṣe orí akẹ́kọ̀ọ́. Ìjókòó márùn-ún túmọ̀ sí pé ẹni kẹfà máa dúró síta. Kò ní hàn sí yín títí olùkọ́ kan á fi ní kí akẹ́kọ̀ọ́ 40 lọ gbọ́ orin kan náà kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ohun tó tún ń dá kún un ni pé ẹni tó bá kàn pa ojú ewé dé láìtẹ bọ́tìnnì àtijáde, ìjókòó rẹ̀ kì í ṣófo lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ̀rọ tó mọ̀ pé ó ti lọ. Ẹ kọ "Ẹ JÁDE KÍ Ẹ TÓ DÌDE" sára kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ kó ènìyàn jọ kí wọ́n ju ìjókòó tí wọ́n fún yín lọ ní ẹyọ kan, kí gbogbo wọn tẹ orin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ máa sọ fún ẹni tó kù síta. Bó bá ní "kò sí àyè báyìí, ẹ padà wá", ó dáa. Bó bá jẹ́ pé ojú ewé òfìfo ló gbé wá, akẹ́kọ̀ọ́ yín á rò pé ó ti bàjẹ́ ni, kò sì ní padà wá mọ́.

ÌBÉÈRÈ: A ti fi àdírẹ́sì IP wa, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá wa mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ orin tí à ń dán wò bí wọ́n ṣe ní ká ṣe. Síbẹ̀, ojú òpó náà ń béèrè orúkọ àti password lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ mẹ́ta ti bọ́ nínú ìdánwò wa. (Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ tún nọ́ńbà tí ẹ fi ránṣẹ́ wò. Bó bá fi 192.168 tàbí 10 tí àmì ìdánudúró tẹ̀ lé (10., kì í ṣe 102 tàbí 105) bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà abẹ́lé ni, kò kọjá ráútà yín. Bí ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú mìíràn bá béèrè ilé yín, tí ẹ wá sọ fún un pé "yàrá kejì lọ́wọ́ ọ̀tún", ṣé ó máa débẹ̀? Nọ́ńbà tí ará ìta ń rí ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé gan-an, ẹ tẹ "what is my IP" sínú Google, ẹ da ohun tó bá gbé jáde kọ. Ẹ tún un ṣe ní ọjọ́ kejì, ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn tí iná bá lọ tó padà dé. Bó bá ti yí padà, àdírẹ́sì aṣípòpadà ni ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún yín; ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tí kì í yí, ẹ sì múra sílẹ̀ pé wọ́n lè gba owó lé e.

Bó bá jẹ́ ráútà onísíìmù lẹ ń lò, ẹ má lo ọ̀nà IP rárá. Àìmọye oníbàárà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń kó sábẹ́ àdírẹ́sì kan. Bí ilé iṣẹ́ orin bá ṣílẹ̀kùn fún nọ́ńbà yẹn, ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí á máa wọlé lórúkọ yín, ìjókòó tí ẹ sanwó rẹ̀ ló sì máa gbà. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi nọ́ńbà káàdì ilé ìkàwé tàbí ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Fún àwọn tó ń gbọ́ ọ nílé, irinṣẹ́ bí EZproxy máa ń mú wọn gba ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé kọjá, ṣùgbọ́n ó gba ẹni tó mọ iṣẹ́ sáfà (server) níbi iṣẹ́ yín.

ÌBÉÈRÈ: Mo wá Olatunji onísákárà lórí ojú òpó orin kan, onílù ní Amẹ́ríkà ló gbé wá fún mi. Mo wá tẹ orúkọ orin pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn bí wọ́n ṣe kọ́ wa, kò rí nǹkan kan. Ṣé orin wa ò sí níbẹ̀ ni? (Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka orin, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kó wà, kó jẹ́ pé orúkọ tí o fi pè é kọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀. Olatunji méjì ló wà. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, lọ sí Amẹ́ríkà ní 1950, ibẹ̀ ló ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká onílù. Yusuf Olatunji tiwa n'Ábẹ́òkúta, góòjé àti sákárà ló fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìwárí ò mọ èwo lò ń fẹ́. Ẹni tí wọ́n ń gbọ́ jù lágbàáyé ló máa ń gbé síwájú. Fi orúkọ àkọ́kọ́ kún un, kí o tún fi "sakara" kún un.

Ti àmì ohùn nìyí. Gbé lẹ́tà "ẹ́" wò dáadáa. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan lè kọ "ẹ" gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, kó wá gbé àmì òkè lé e lórí. Òmíràn lè kọ "é" gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, kó wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Òmíràn lè kọ "e" lásán, kó fi àmì méjèèjì kún un lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Ẹ̀rọ tí wọn ò kọ́ láti sọ wọ́n di ọ̀kan á ka wọ́n sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwo Yorùbá ni wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ láìsí àmì kankan láti orí páálí àwo gan-an. Nítorí náà, tẹ ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mẹta: láìsí àmì rárá, pẹ̀lú àmì abẹ́ nìkan, pẹ̀lú gbogbo àmì. Kí ilé ìkàwé tó ń dán iṣẹ́ kan wò fi èyí kún ìdánwò rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá fún ọ ní èsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún orúkọ kan, ẹ kọ ọ́ sínú àbọ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n lè tún un ṣe, ẹni tó ń sọ fún wọn ni kò pọ̀.

Yọ oyè kúrò pẹ̀lú. "Alhaji", "Chief", "King", "Dr.": nígbà mìíràn wọ́n wà lára orúkọ, nígbà mìíràn wọn ò sí. Iṣẹ́ olórin kan lè wà lábẹ́ orúkọ mẹ́ta nítorí oyè nìkan, bí ẹni pé ènìyàn mẹ́ta ni.

Ohun tó kù ló ṣe pàtàkì jù fún orin tiwa. Nínú eléèpíì jùjú àti fújì ayé ọjọ́un, orin lè gba odidi ojú kan àwo, ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí wọ́n máa ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láìdánudúró. Lára páálí, wọ́n á to orúkọ márùn-ún tàbí mẹ́fà pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ àkọ́kọ́ nìkan lè wà níbẹ̀, tàbí "Medley", tàbí "Side One". Orin tí ò ń wá lè wà nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kẹjọ, ẹ̀rọ ò sì ní mọ̀ ọ́n láé. Àwo ni kí o máa wá, má wá orin. Wá a pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde náà: Star Records, tí Haruna Ishola àti I. K. Dairo jọ dá sílẹ̀ ní 1969, máa ń ṣí ilẹ̀kùn tí orúkọ orin ò lè ṣí. Bí o bá sì ti rí i, kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: "Ojú kejì, 7:40, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki baálẹ̀." Ilé ìkàwé tó bá kó irú àkọsílẹ̀ yìí jọ fún ọdún kan ti ní ohun tí kò sí lọ́jà.

Fún ìlù, má gbàgbé Folkways, ilé iṣẹ́ àwo kan ní Amẹ́ríkà. Ní 1953 ni wọ́n gbé ìlù Yorùbá tí William Bascom gbà sílẹ̀ nílẹ̀ wa jáde. Smithsonian ní Amẹ́ríkà ló gba ilé iṣẹ́ náà ní 1987, ìwé àlàyé tó bá àwo wá sì wà lójú òpó wọn, ọ̀fẹ́ ni. Wá "Yoruba", kí o tún wá "Lucumí", torí orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pe tiwa ní Kúbà.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá ilé ìwé wa fẹ́ ká ra Spotify Family kan, ká fi sórí kọ̀ǹpútà mẹ́fà nílé ìkàwé. Kò wọ́n. Ṣé ó dáa? (Olùkọ́ ilé ìwé girama, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Kò dáa. Àdéhùn Spotify ni pé ènìyàn kan ló ń gbọ́ ọ fún ara rẹ̀, kì í ṣe fún òwò tàbí fún ilé iṣẹ́. Family sì jẹ́ fún ènìyàn mẹ́fà tó ń gbé lábẹ́ òrùlé kan náà. Ilé ìkàwé kì í ṣe mọ̀lẹ́bí. Wọ́n lè ti àkáǹtì náà pa nígbàkigbà. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ kó orúkọ orin tí iṣẹ́ kíláàsì nílò jọ sórí ìwé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá a lórí àkáǹtì ti ara rẹ̀, ọ̀fẹ́ tàbí olówó, pẹ̀lú Wi-Fi yín. Bí ẹ bá fẹ́ máa fi gbohùngbohùn gbé orin sáfẹ́fẹ́ fún gbogbo ènìyàn, ẹ̀tọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, àjọ tó ń gba owó fún àwọn olórin bí MCSN lẹ máa bá sọ̀rọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ń kọ́ dùùrù ní Peckham, àbúrò mi sì wà ní Houston. Wọ́n ní káàdì ilé ìkàwé lè fúnni ní orin lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Kẹ́hìndé, London)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, Mà. Ní Britain, àwọn ilé ìkàwé ìjọba ìbílẹ̀ kan ń san owó Naxos Music Library fún àwọn tó ní káàdì wọn. Ẹ wo ojú òpó ilé ìkàwé àdúgbò yín, níbi tí wọ́n to àwọn ohun orí íntánẹ́ẹ̀tì sí. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ méjì ni kí àbúrò yín wá, hoopla àti Freegal, wọn ò sì jọra. Ní hoopla, ẹ yá àwo ni, ọjọ́ 7 lẹ fi ń gbọ́ ọ, iye tí ẹ lè yá lóṣù sì ní gbèdéke. Ilé ìkàwé ń sanwó fún ìyákọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló fà á tí gbèdéke fi wà. Freegal ń jẹ́ kí ẹ gbọ́ orin, ó sì tún ń jẹ́ kí ẹ gba ìwọ̀nba orin mélòó kan lọ́sẹ̀ tó máa di tiyín pátápátá. Ẹni tó bá mọ èyí á máa fi hoopla tọ́ àwo wò, á wá fi ìpín Freegal rẹ̀ gba èyí tó fẹ́ pa mọ́. Bí ẹ̀rọ bá kọ nọ́ńbà káàdì, ẹ kọ́kọ́ yọ àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà. Bó bá ṣì kọ̀, ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ káàdì ti kọjá, kí ẹ lọ tún un ṣe níbi tí wọ́n ti fún yín.

ÌBÉÈRÈ: Dátà mélòó ni kí n kọ sínú ìṣúná fún yàrá orin oníjókòó 25? (Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Dídára ohùn ló ń pinnu rẹ̀, kbps ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́: bó bá ṣe pọ̀ tó, ohùn á dára sí i, dátà á sì pọ̀ sí i. Orin 96 kbps ń jẹ nǹkan bí 43 MB ní wákàtí kan. 160 kbps ń jẹ 72 MB. 320 kbps ń jẹ 144 MB. Bí ènìyàn 25 bá gbọ́ orin wákàtí méjì lójúmọ́ ní 160, 3.6 GB nìyẹn. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 22, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80 GB. Ẹ bá 96 lọ, ó sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 48 GB. Fún ti yíyára, 25 ní 160 jẹ́ 4 Mbps. Ẹ wá 6 tàbí 8 kí orin má baà máa dúró lójijì. Fún headphone olówó pọ́ọ́kú nínú yàrá tí fáànù ń yí, 160 tó. Ẹ fi 320 sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà kan tí olùkọ́ ń lò láti fi ìyàtọ̀ ohùn hàn.

Ẹ kíyè sí ẹni tó ń fi YouTube gbọ́ orin. Àwòrán ló ń jẹ dátà yẹn. Ẹ kọ́ wọn láti sọ ọ́ di 144p, àwòrán tó ń jẹ dátà kéré jù. Kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé tó ń pa gbogbo nǹkan rẹ́ lẹ́yìn oníbàárà kọ̀ọ̀kan á tún orin kan náà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹlòmíì bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹ má rò pé orin tí wọ́n ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ti di ọ̀fẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọdún méjì la fi sanwó, owó ti tán báyìí. Kí ló kù fún wa? Wọ́n tún ní ká kó àwọn àwo àtijọ́ wa tà, pé gbogbo orin ti wà lórí fóònù. (Olùtọ́jú ilé ìkàwé, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Nínú orin, kò ku ẹyọ kan. Ilé lẹ háyà, ẹ ò rà á. Kí àkáǹtì tó kú, ẹ gba ìròyìn ìlò ọdún méjèèjì sílẹ̀, ẹ sì da gbogbo àkójọ orin tí àwọn olùkọ́ ṣe kọ sínú ìwé lásán: orúkọ olórin, orúkọ àwo, ilé iṣẹ́ àwo, ọdún. Bí àkáǹtì bá lọ, àkójọ náà á bá a lọ.

Orin ọ̀fẹ́ tí òfin ò dí wà. National Jukebox ti Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní 2011, ní ohun tó lé ní 10,000 àwo ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Òfin Amẹ́ríkà tú gbogbo àwo tó jáde ṣáájú 1923 sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2022. Àwọn ti 1923 tẹ̀ lé e ní 2024, ti 1924 ní 2025. Wọ́n wúlò gan-an fún ẹni tó ń kọ́ ìtàn bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin sílẹ̀. Àpàlà ò sí níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta àwọn àwo yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì dé orí fóònù kankan, ẹ̀dà tó wà níwájú yín lè jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba tó kù. Ẹ gbé wọn dúró lórí pákó bí ìwé, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn, kí oòrùn ojú fèrèsé má sì kàn wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ gbà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, WAV ni kí ẹ lò, 24-bit, 96 kHz. Àwo oníṣẹ́jú 40 á gba nǹkan bí 1.4 GB, kí ẹ sì ní ẹ̀dà méjì sórí hard drive méjì tí kò sí nínú yàrá kan náà. Fún àwo 78, àwo àtijọ́ tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ wá abẹ́rẹ́ tiẹ̀. Abẹ́rẹ́ eléèpíì kéré jù fún ojú ìlà rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa ń rìn tí á máa kó ariwo ìdọ̀tí jáde. Ẹ má sì fi sípírítì nu 78 láé. Ṣẹ́láàkì ni wọ́n fi ṣe é, sípírítì á sì yọ́ ọ. Omi tí wọ́n ti sè, tí wọ́n gba ooru rẹ̀ tó di omi padà sínú ìgò (distilled water), ni kí ẹ fi rin aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀, kí ẹ nù ún yípo bí ìlà rẹ̀ ṣe yípo, kí ẹ má jẹ́ kí omi kan páálí àárín.